Ohùn Inú Kòtò

Ìyá Fínnífínní ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, orúkọ náà sì rò ó. Bó bá lọ kí èèyàn nílé, tí férémù kan wọ́ díẹ̀ lára ògiri, àfi kó dìde lọ tọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, kọ́là ẹ̀wù òun ni ìyàwó òun yóò kọ́kọ́ tún ṣe kó tó sunkún. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́dún yẹn, wọ́n gbé géèmù àtijọ́ kan lé e lọ́wọ́ pé kó sọ ọ́ dọ̀tun fún àwọn ẹ̀rọ òde òní. Apá mẹ́ta ni géèmù náà, ewúrẹ́ kékeré kan ló sì ń fò láti orí òrùlé kan dé òmíràn nínú gbogbo wọn. Bó bá fò tàsé, kòtò ló ń já sí, ariwo kan á sì dún: "Lẹ́!" Bàbá tó kọ́kọ́ ṣe géèmù náà ti kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ohùn inú kòtò." Ìyá Fínnífínní kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn àgbà kì í fẹ́ ká gbá eruku ilé wọn. Ló bá yọ ariwo náà, ó fi agogo dídùn kan rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí fọ́ọ̀mù tó fẹ́ fi jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ sì bi í bóyá bàbá fara mọ́ gbogbo àyípadà, ó kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tẹ àwo géèmù, bàbá fúnra rẹ̀ wá wò ó. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ṣì yá. Ewúrẹ́ fò, ó tún fò, kò tàsé rárá. Ìyá Fínnífínní ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó yá ni bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ti ewúrẹ́ náà sí kòtò. Agogo dún. Ó tún tì í. Agogo tún dún. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ó dáwọ́ dúró.

"Ọmọ mi, ìyá àwọn ọmọ mi dà?"

"Ta ni, sà?"

"Òun ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní kò dáa kéèyàn ṣubú ká máa wò ó láìkí i. 'Pẹ̀lẹ́' ló sọ. Ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn ò láyè, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti lọ, ẹ̀rọ ilé mi tí mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ náà sì ti bàjẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe wá."

Ó wu Ìyá Fínnífínní kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ó sáré tú inú kọ̀ǹpútà, ó wá ohùn àtijọ́ náà jáde, ó sì tẹ̀ ẹ́. "Lẹ́!" Ó ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, ó ń pè é láriwo. Obìnrin ni, obìnrin tí àánú ewúrẹ́ ń ṣe. Bàbá ní kó tún tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"O ṣé. Àwọn ọmọ tó máa ra tuntun ńkọ́? Bí wọ́n bá já sí kòtò, ta ló máa kí wọn?"

Kò lè wojú bàbá. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tẹ àwo náà. Ohùn kan wà tó yẹ ká dá padà."

"Ohùn wo? Wọn ò ní dúró láìnídìí o. Fọ́ọ̀mù tó wà níwájú mi ní bàbá ti fara mọ́ gbogbo ẹ̀."

Bàbá jókòó tì í, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete.

"Irọ́ ni mo pa, sà. Mi ò tiẹ̀ bi wọ́n."