Ẹ̀rí Tí Ọmọ Mi Jẹ́ Nípa Ìkòkò Kénáánì

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń kọ́ṣẹ́ àwọn tó ń wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ ní yunifásítì. Wọ́n mú wọn lọ sí Ísírẹ́lì, ojoojúmọ́ ló sì ń pè mí láti ibẹ̀. Kò sóhun tí ọmọ yẹn kì í sọ fún mi. Èmi náà, kí n tó parí shift mi níbi iṣẹ́ ní Joliet lókè òkun níbí, mo ti pe ìdajì ìjọ wa ní South Shore: ọmọ mi ń bọ̀ wá jẹ́rìí o, ó ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí Jóṣúà tẹ̀!

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé ìgbà tó dé, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó gba máìkì. Ó ní àpáàdì ìkòkò ni àwọn ń wà jáde. Ó ní ìkòkò àwọn ọmọ Ísírẹ́lì àkọ́kọ́ jọ ti àwọn ará Kénáánì gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé ọmọ Kénáánì náà ni púpọ̀ nínú wọn.

Ó tún ní, "Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kí àwọn díẹ̀ ti Íjíbítì wá lóòótọ́. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀."

Yéè! Kò sẹ́ni tó ṣe halelúyà. Alàgbà kan dìde, ó ní, "Ṣé nǹkan tí tíṣà Sunday school wa ń kọ́ ọmọ tiẹ̀ nílé nìyí?"

Èmi ni tíṣà ọ̀hún. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ń retí kí n gbè é. Èmi tí mi ò kì í gbà fún ẹnikẹ́ni! Mo gba máìkì lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, ọmọdé ni. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un."

Wọ́n ní kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n ń lé ẹ̀mí àìgbàgbọ́ jáde. Mo gbé ọwọ́ tèmi náà lé e.

Nínú mọ́tò, ó ní, "Mummy, ṣé ẹ rò pé irọ́ ni mo pa?"

Kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní rárá, kí ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí wá? Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tí mo bí ni mo pè ní òpùrọ́. Mo tan rédíò.

Ó ti padà sí yunifásítì. Ó ṣì ń pè mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìkan ló kù. Ó dùn mí dé egungun. Lánàá mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó tún ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn sọ fún mi, mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ó gbàdúrà títí, kò dárúkọ ìkòkò kankan, mo sì ń ṣe àmín.