Èéfín Inú Ìgò

Kíláàsì kejì girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, mi ò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́fíńdà olóróró ní Òkè-Fìà, Àlàájá ọ̀gá mi fẹ́ kí n máa pe àwọn tó ń kọjá wá rajà. Ohùn mi kì í jáde. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó ní:

"Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí tí o ò fúnra rẹ ta nǹkan kan, kó ẹrù rẹ, kó o máa padà lọ sílé yín ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Mi ò gba odi síṣẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wá láti Iléṣà. Ó yọ áńkáṣíìfù kan jáde nínú ọ̀rá. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Àbújá ni wọ́n ti fín lọ́fíńdà sí i fún un, ṣùgbọ́n owó ìgò kan ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ tí apá òun á ká ló ń wá. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ó dùn bí oyin, àmọ́ èéfín fara pamọ́ sẹ́yìn adùn náà. Àlàájá fi oríṣi mẹ́ta hàn án.

"Adùn nìkan lẹ ń fún mi, Àlàájá. Èéfín dà?"

Ẹnu mi kàn là ni. "Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀, mà. Màá ṣe é."

Mo lọ tùràrí kúnná, mo dà á sínú òróró fánílà. Àlàájá gbóòórùn rẹ̀, ó fọwọ́ di imú.

"Àsìtàgfírúlàáì! Oníbàárà yẹn ò tíì kú o!"

Òótọ́ ni. Òórùn ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú gan-an ló ń jáde níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìyá ìyá mi wá sí mi lọ́kàn. Nígbà ààwẹ̀, kì í da tùràrí sómi mímu. Ńṣe ló máa ń da ojú ife dé èéfín rẹ̀, kó tó bu omi sí i. Ni mo bá sá ìgò kan sóòrùn títí ó fi gbẹ. Mo fi tùràrí àti ṣúgà díẹ̀ sórí ẹyin iná, mo da ojú ìgò dé e títí inú rẹ̀ fi funfun, mo da òróró fánílà sí i kíá, mo dé e pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi èéfín kún ìgò mìíràn, tí mo da òróró kan náà sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, obìnrin náà fi tèmi kun áńkáṣíìfù mìíràn. Ó ní kí Àlàájá dijú, kó mú èyí tó ti Àbújá wá. Àlàájá gbóòórùn méjèèjì, ó tún un gbọ́.

"Èyí ni. Ta ni ò ní mọ ohun olówó iyebíye?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájá, tọmọ yín lẹ mú yẹn!"

Àlàájá lajú, ó wò mí títí. Obìnrin náà ní ìgò méjì lòun fẹ́, ó béèrè iye rẹ̀. Àlàájá fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi.

Èmi ni mo pe owó náà, ohùn mi sì lọ sókè débi pé ọlọ́kadà tó dúró sójú títì yíjú padà wò wá.