Jẹ́sì Tí Kò Ní Ìtàn

Àbúrò màmá mi kì í ta jẹ́sì. Ìtàn ló ń tà, ó kàn máa ń wọ aṣọ fún un ni. Ìyá Jẹ́sì ni gbogbo ayé ń pè é, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì fara ti ògiri pápá ìṣeré. Bí o bá fọwọ́ kan nọ́ńbà mẹ́sàn-án báyìí, á ní, "Ẹ rọra o! Ẹni yìí ló forí gbá bọ́ọ̀lù wọlé nínú òjò, tí aṣọ́lé wọn ń wá a kiri nínú omi." Kí o tó rẹ́rìn-ín tán, jẹ́sì ti wà nínú ọ̀rá, fìlà ẹgbẹ́ ti bá a wọnú rẹ̀.

Ohun tí àwọn oníbàárà ò mọ̀ ni pé kò fojú ara rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù kankan nínú pápá yẹn rí. Ta ni yóò jókòó ti ọjà? Ariwo ló ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Bí èrò bá jáde, á wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tó bá wá di ọjọ́ kejì, á máa ròyìn bíi pé òun ló gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn. Èmi tí mo mọ̀, Ẹlẹ́rìí-Kò-Débẹ̀ ni mò ń kì í. Á sì sọ hángà lù mí.

Jẹ́sì kan ṣoṣo ni kò ní ìtàn: nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ti ọmọ rẹ̀ ni, Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gbà, tó wá ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí ẹrù tí olówó rẹ̀ ò tíì wá gbé. Ibùdó ẹgbẹ́ ló ń gbé. Bọ́ọ̀sì wọn máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, kọ́tìnnì á bo gbogbo fèrèsé. Ìyá Jẹ́sì á juwọ́ sí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, torí kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀.

"Ẹ wọlé lọ wò ó, Àǹtí."

"Kí n lọ wo ẹni tó jókòó? Ṣé mi ò rí i kó jókòó rí nílé ni?"

Mo bá rán ọ̀rẹ́ mi onídìrí pé kó lọ ra jẹ́sì náà.

"Ẹ kú ọjà, Mà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fẹ́."

Ojú Ìyá Jẹ́sì tàn. "Kí lo rí tó ṣe, ọmọ mi?"

"Góòlù tó gbá wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn!"

Ó wò ó. Ó wo èmi tí mo sá sẹ́yìn àwọn fìlà. "Ẹ̀yin ọmọ burúkú yìí!" Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó gbọn eruku ara jẹ́sì yẹn, ó gbé e kọ́ padà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

Ọjọ́ Sátidé kan, a gbọ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe nọ́ńbà náà pé ó ti wọ pápá. Ìyá Jẹ́sì ju fìlà oníbàárà sílẹ̀, ó ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kó tó dé géètì, fèrè ìparí ti dún, èrò ti ń ya jáde.

Wẹ́dà kan tí jẹ́sì rẹ̀ ti ṣá tẹ̀ lé e padà dé ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá Jẹ́sì, ẹ fún mi ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Ó yíjú sí mi. Mo gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. "Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò rán an!"

"Kí ló ṣe?" ló bi wẹ́dà.

"Ó gé ẹnì kan, ó gé èkejì, ó gbá a, ó di gbàù lára òpó! Ẹ̀yin náà ṣáà rí i."

Àǹtí mi, tí irọ́ rẹ̀ dùn ju oyin lọ, la ẹnu, irọ́ ò jáde. "Mi ò rí i," ó ní. "Ẹ tún un sọ."

Wẹ́dà tún un sọ. Àǹtí mi di jẹ́sì náà mọ́ àyà. "Ṣé ó ti rù?"

"Háà, Màmá, bọ́ọ̀lù ni mò ń wò o."

Ó tà á fún un. Bọ́ọ̀sì kọjá, ó juwọ́ sí gbogbo fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sátidé tó ń bọ̀, ìwọ lo máa jókòó ti ọjà."

"Tó bá tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì ńkọ́?"

"Màá wò ó níbi tó jókòó sí."