Umbra, Lábẹ́ Igi Àgbálùmọ̀

Òórùn láfún ló máa ń jí mi lábúlé wa, lọ́nà Ìjàyè. Wọ́n á ti sá a sórí àpáta, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, kí n máa lé adìẹ. Ibẹ̀ ni Bàbá àgbà, tó bí ìyá mi, ti ń kọ́ mi ní èdè Látìn. Tíṣà míṣọ́nnì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò sì rí ẹlòmíì kọ́ mọ́. Èmi náà ò ríbi sá sí.

Lọ́jọ́ kan, umbra la mú. Wọ́n ní òjìji ni. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣe bí obìnrin ni nínú gírámà àwọn ará Róòmù, kò sẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀ dájú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni orúkọ tí òyìnbó ń pe agbòjò ti wá. Umbra, umbram, umbrae. Mò ń kà á tẹ̀ lé wọn, ojú mi wà lára adìẹ. Wọ́n wá ní, "Òkú pàápàá, umbra ni àwọn ará Róòmù ń pè é."

Ìyá mi kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n kú. Mo ní, "Bàbá, téèyàn bá fẹ́ pè é ńkọ́?"

"Umbra náà ni. Kì í yí padà fún ìpè." Wọ́n bá gba oko lọ.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnìkan dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé: "Àṣàkẹ́." Ìyá mi nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè mí. Ohùn wọn ni, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ tó máa ń wà nínú rẹ̀. "Mà" ti dé ètè mi.

Ṣùgbọ́n ìyá mi kan náà ló kọ́ mi pé, "Bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́sàn-án gangan, má jẹ́ ẹ, àfi tí ojú rẹ bá rí ẹni tó pè ọ́." Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ohùn náà pè mí lẹ́ẹ̀kejì, ó rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì pè mọ́.

Mo sọ fún Bàbá àgbà nígbà tí wọ́n dé. "Ṣé o jẹ́ ẹ?" Mo ní rárá. Wọ́n ní mo káre. Wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tí wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì dúró pẹ́. Ọmọ wọn ló kú. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, a ò sì ka Látìn mọ́.

Mo ti ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà náà gbọ́ràn ju èmi àgbà lọ. Bí wọ́n bá tún pè mí lónìí, màá ti ní "mà" kí n tó wẹ̀yìn.