Ẹja Wẹ́wẹ́ fún Ọ̀gá Bàbá Mi

Ìyá àgbà tẹrí ba sórí táǹkì, wọ́n ń wo omi tó ń hó níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àwọn ọmọ ẹja tí kò gùn tó ìka mi ń yí po nínú rẹ̀. Òórùn iyọ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ìyá àgbà fi láílọ́ọ̀nù dúdú kan há abíyá.

Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n ti ṣe Ùmúrà tán ní Mẹ́kà, wọ́n wá bá wa gbé ní Al-Hindawiyah, ní Jẹ́dà. Ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ ẹja létí òkun yìí ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ìkáàmà wa, ìwé tó fún wa láṣẹ láti máa gbé níbẹ̀, ti fẹ́ tán, ọ̀gá tí gbogbo wọn ń pè ní mudíru kò sì tíì sọ bóyá òun máa tún un ṣe. Bí kò bá ṣe é, ká palẹ̀ ẹrù wa mọ́ ló kù. Ni Ìyá àgbà bá ní àwọn máa lọ kí i. Ta ló sì ń lọ kí ọ̀gá ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ òfo? Ẹja tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yan létí ọ̀sà nílé kí wọ́n tó wá ni wọ́n dì fún un.

Èmi tí Lárúbáwá yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ ni mo ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Ìyá àgbà àti mudíru.

"Kí ló ní wọ́n fẹ́ fi àwọn ọmọ ẹja yìí ṣe?" Ìyá àgbà bi mí.

"Wọ́n máa dà wọ́n sínú òkun ni. Ó ní ẹja ti ń tán níbẹ̀."

"Wọn ò ní tà wọ́n?"

"Rárá, mà."

Mudíru rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí láílọ́ọ̀nù, ó ní kí ni Àlàájà gbé wá. Bàbá mi wolẹ̀. Ojú gbà mí tì débi pé irọ́ ni mo fẹ́ pa. Àfi bí Ìyá àgbà ṣe tú u fúnra wọn. Òórùn èéfín jáde. Ẹja inú rẹ̀ kò ju ti inú táǹkì lọ.

"Sọ fún un pé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn la fi ń kó wọn," ni wọ́n wí. "Àwa la jẹ ọmọ ọ̀sà tán, tá a tún ń sọ pé ọ̀sà ń bínú sí wa. Sọ fún un pé ojú ń tì mí."

Mo sọ ọ́. Mudíru mú ẹyọ kan níbẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ó dúpẹ́. Oore yẹn ló wá dójú ti Ìyá àgbà jù. Nígbà tí mudíru tún ìkáàmà wa ṣe, gbogbo ilé ń yọ̀, Ìyá àgbà kàn ní Alihamudulilahi, wọ́n wọ yàrá lọ.

Wọ́n ti kú báyìí. Bí mo bá dọ́jà ẹja, tí mo bèèrè èyí tó tóbi, tí ẹni tó ń tà á ní kò sí mọ́, àwọn kéékèèké yìí ló kù, n kì í lè wojú ẹ̀. Mo máa ń rà á náà ni. Mo máa ń gbé e lọ sílé, mo sì máa ń jẹ ẹ́.