Tíṣà Tó Kọ Ìtàn Ìlú Abẹ́ Omi

Kékeré ni mo ṣì wà, ní Angwan Rukuba ní Jọ́ọ̀sì, nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kó sì tẹ ìlú tí kò sí dó. Tíṣà ni ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa, agbo ilé kan náà la jọ ń gbé. Ìtàn àròsọ kúkúrú ló máa ń kọ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń bá ọkọ̀ ẹrù wá láti Ìbàdàn. Kì í ṣe ìtàn ìjàpá o. Ó kọ nípa àwọn tó wọkọ̀ lọ sínú òṣùpá, tí wọ́n débẹ̀ tí wọ́n bá òtútù Jọ́ọ̀sì tó ti dé ṣáájú wọn. Ó kọ nípa ọjà tí èèyàn ti lè ra ọdún tó fi ṣòfò padà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Wàláì, bí ìwé yẹn bá ti dé, iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kì í gba èrò. Ẹni tó mọ̀wé á máa kà á sókè, ẹlòmíì á máa túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún àwọn aládùúgbò wa, àwọn náà á máa bèèrè pé kí ló wá ṣẹlẹ̀. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa á dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Tíṣà fúnra rẹ̀ kì í yọjú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ojú máa ń tì í.

Lọ́dún kan, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá alákàrà àdúgbò wa bí kú sínú omi. Àwọn òyìnbó ti gbẹ́ kòtò ńláńlá káàkiri níbi tí wọ́n ti ń wa ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe agolo, tí à ń pè ní kúsà, òjò wá sọ wọ́n di adágún. Ibẹ̀ lọmọ náà lọ lúwẹ̀ẹ́. Kíláàsì kan náà la wà. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ibẹ̀, nítorí nílẹ̀ wa, òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹni tó wá kí i ń sọ pé omi ló dà nù, agbè ò fọ́, kó gbàgbé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni tíṣà kọ ìtàn ìlú abẹ́ omi. Ó ní ìlú kan wà nísàlẹ̀ àwọn adágún wọ̀nyẹn, pé àwọn ọmọ tó bá rì síbẹ̀ ń lọ síléèwé, wọ́n ń dàgbà, tó bá sì di ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n á gòkè wá sétí omi wá gbọ́ ìròyìn ilé. Wọ́n kà á níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ìyá alákàrà wà láàárín àwọn tó gbọ́.

Láti Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ti ń gbé àkàrà gbígbóná lọ sétí adágún. Á jókòó, á máa ròyìn ẹni tó ṣègbéyàwó àti ẹni tó bímọ ládùúgbò. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Wọ́n ní tíṣà ti fi ìtàn sọ abiyamọ di wèrè. Àfáà àdúgbò ránṣẹ́ pe tíṣà, ó ní irọ́ pípa niṣẹ́ rẹ̀, kó lọ jẹ́wọ́ fún obìnrin náà kó tó ju ara rẹ̀ sómi, kó sì jáwọ́ nínú ìtàn kíkọ. Ẹ̀rù bà wá gan-an. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, a bá wọn lọ sétí adágún.

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo kọ. Kò sí ìlú kankan níbẹ̀."

Obìnrin náà dáhùn pé, "Tíṣà, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Gbogbo yín lẹ mọ ibi tọ́mọ mi wà. Èmi tí mo bí i ni wọn ò fi hàn. Ìwọ nìkan lo fún mi níbi tí mo ti lè wá kí i."

Àfáà jókòó tì í. Àwa náà jókòó, ìyá sì pín àkàrà fún wa. Kò sẹ́ni tó tún ní kí tíṣà má kọ̀tàn mọ́.

Ayé ti yí. Púpọ̀ nínú wa ti kúrò ní Jọ́ọ̀sì, ìwé ìròyìn yẹn ò jáde mọ́, kò sì sẹ́ni tó kó ìtàn tíṣà jọ sínú ìwé kó tó kú. Síbẹ̀, bí àwa tá a jọ dàgbà nínú agbo ilé yẹn bá pàdé níbi ìyàwó ní Ìlọrin, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, ẹlòmíì á parí ẹ̀. Ẹ̀yin ń fi fóònù wo ohun tó ju ọkọ̀ òṣùpá lọ, kò burú. Àwọn òbí mìíràn tiẹ̀ ti ń dé sàréè ọmọ báyìí, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tèmi, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí mi kú, wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní kí n gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Torí náà, ẹ má bi mí mọ́ pé kí ló dé tí mo fi ń ṣàdúrà fún òǹkọ̀wé tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Òun ló kọ ìlú tí ọmọ mi ń gbé.