Ará Íńdíà Kọ́ Ni Àna Wa

Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà mú ọkọ rẹ̀ wá kí wa ní Ṣakí nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ọmọ Kiowa ni ọkọ náà, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó débẹ̀. Mo ti ṣàlàyé èyí fún gbogbo ilé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi.

Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, olórí ilé wa, fi bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ará Íńdíà yìí máa ń jẹ màlúù?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ará Íńdíà."

"Ṣebí bẹ́ẹ̀ lòyìnbó ń pè wọ́n?"

"Òyìnbó tó ṣìnà ni! Íńdíà ló ń wá lọ, ibòmíràn ló gúnlẹ̀ sí, ló bá sọ onílé lórúkọ tí kì í ṣe tiwọn."

Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́. Nígbà tí iyán dé, ó ní kí wọ́n bu ẹja fún ará Íńdíà, kó má baà jẹ̀bi òrìṣà wọn. Inú bí mi, mo gbé ìjókòó mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkọ náà bi ìyàwó rẹ̀ ohun tí a ń jiyàn lé lórí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀, ìyàwó ń túmọ̀. Ó ní orúkọ tí àwọn ń pe ara àwọn túmọ̀ sí àwọn ènìyàn pàtàkì.

"Pàtàkì ju ta ni lọ?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Mo fọwọ́ bojú.

Ọkọ náà ní orúkọ àtijọ́ kan tún wà, tó túmọ̀ sí àwọn tó ń jáde bọ̀. Inú ìtì igi oníhò làwọn baba ńlá wọn ti jáde sáyé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí aboyún kan fi há sẹ́nu ihò. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò lè jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé òkèlè sílẹ̀. "Àwọn tó kù sínú ńkọ́?"

Ọkọ náà ní bàbá àgbà òun ò sọ ìyẹn fóun rí.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì ti àwo ẹran tirẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti padà, ó ti sọ ìtàn náà dé Ìgànná àti Àgọ́-Àmọ̀dù. Lẹ́nu rẹ̀, igi ti di igi osè, aboyún ti lóyún ìbejì. Mo ń tún un ṣe títí ó fi sú mi.

"Tíṣà," ló ní, "ìtàn àna mi ni mò ń sọ: èmi ni mo wà nípò bàbá ìyàwó, àbí ìwọ ni?"